Ẹṣin wa ń tu koríko dànù, wọ́n ní kí n wá fáìlì

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin, Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá, ẹ má bínú pé ó gùn.

Ìdílé wa máa ń gẹṣin lọ Ojúde Ọba, ọdún tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá. Yíyá la máa ń yá ẹṣin tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́dún tó kọjá a dáwó, a ra akọ pupa kan láti Òkè Ọya. Ẹni tó tà á fún wa ní ọmọ ọdún 7 ni. Èmi ni mo ní àyè lẹ́yìnkùlé, ni wọ́n bá já a lé mi lọ́wọ́. Mo gba Màálàm kan tó ń tọ́jú ẹ̀.

Láti bí oṣù méjì ló ti ń rù. Kò kọ oúnjẹ o. Èèrí ọkà bàbà, ó ń jẹ ẹ́. Koríko, ó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn tó jẹun tán, ẹ ó rí ìṣù kéékèèké nílẹ̀, koríko tó jẹ dé ìdajì tó tu dànù, tí itọ́ ti rin gbindin, bíi kànrìnkàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Tó bá ń jẹun, ó máa ń dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ká wá fi ìjánu sí i lẹ́nu, wàhálà dé nìyẹn: á máa jurí sókè, ẹ fà á sósì títí, kò ní yà.

Àbúrò mi tó ń gùn ún ní agídí ni, pé pàṣán ló ń wá. Màálàm ní eyín ẹ̀ ló gùn, òun mọ bàbá kan tó ń fi fáìlì alágbẹ̀dẹ rẹ́ ẹ, ọkùnrin mẹ́rin ló máa dì í mú. Ẹlòmíì ní àjà ẹnu ẹ̀ ló wú, pé ká fi irin gbígbóná jó o. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ gbé irin gbígbóná yẹn sílẹ̀. Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí mi sí. Mo wà ní kékeré nígbà tí wọ́n jó àjà ẹnu ẹṣin bàbá mi, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi fẹnu kan omi dáadáa. Àjà ẹnu ẹṣin tó ń pààrọ̀ eyín máa ń wú lẹ́yìn eyín iwájú. Kì í ṣe àrùn, fúnra ẹ̀ ló máa ń wálẹ̀. Ẹṣin tiyín ò tilẹ̀ sí ní ọjọ́ orí ìyẹn mọ́, torí nǹkan bí ọdún 5 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ eyín tán.

Ẹ tún bá mi sọ fún àbúrò yín pé ẹṣin ò ní ẹnu tó lè fi sọ pé ẹnu ń dun òun.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ìyá wa ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Eyín ẹṣin kò dà bí tiwa. Èyí tó pọ̀ nínú gígùn ẹ̀ wà nínú egungun, ó sì ń yọ síta díẹ̀díẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 3 lọ́dún, bí koríko ṣe ń jẹ orí ẹ̀. Eyín tó fi ń lọ oúnjẹ jẹ́ 24, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, ẹ ò lè rí wọn tẹ́ ẹ bá kàn ṣí ètè ẹ̀ wò. Àgbọ̀n òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, etí eyín òkè tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í jẹ tán, ti ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ahọ́n náà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń mú bí abẹ. Ẹ wá mú ìjánu, ẹ fa okùn ẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́: ẹran ara ló ń tẹ̀ mọ́ abẹ yẹn. Ìdí tí kò fi ní yà sósì nìyẹn, ó jọ pé egbò wà níbì kan.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí Màálàm fa ahọ́n ẹ̀ yọ síta. Láti ìta ni kẹ́ ẹ ti fi ìka rọra tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lókè, lábẹ́ egungun ojú. Tó bá yẹra, ẹ ti mọ̀. Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu ẹ̀. Ẹ wo imú ẹ̀: tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń ṣàn, tó ń rùn, ó lè jẹ́ gbòǹgbò eyín òkè ló ti jẹrà wọ inú egungun ojú, ìyẹn kò ní dúró de Iléyá. Ẹ tún tú ìgbẹ́ ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá rí koríko gígùn nínú ẹ̀, kò jẹ ẹ́ kúnná nìyẹn, inú rírun lè tẹ̀ lé e.

Fáìlì alágbẹ̀dẹ kọ́. Dókítà á fún un lábẹ́rẹ́ tí á mú kó tòògbé lóòró, á fi irin la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀, á fi omi ṣan án, á tan iná wò ó, kó tó rẹ́ ibi tó mú nìkan. Tí wọ́n bá rẹ́ ẹ kọjá ààlà, wọ́n á kan ibi tó wà láàyè nínú eyín. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, ẹṣin ò lágbára àrùn yẹn rárá. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹun títí ojú ẹ̀ á fi là dáadáa, kí oúnjẹ má bàa há a lọ́fun.

Akẹ́wì Ọ̀yọ́

Dókítà, ẹ má bínú o. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ tó ń gẹṣin jagun fún Aláàfin, ta ló ń rẹ́ eyín fún ẹṣin wọn?

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹṣin tó ń jẹ koríko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àgbọ̀n ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, eyín ń jẹ ara wọn. Èèrí àti ọkà ló ń jẹ́ kó máa gé e lókè-nísàlẹ̀ péré. Ẹṣin ẹ̀yìnkùlé ń jẹ bí ará ìlú. Ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun ń pa wọ́n kí wọ́n tó dàgbà tí eyín á dà wọ́n láàmú.

Àǹtí Kent

Ilé ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yẹ ẹnu kọ̀ọ̀kan wò, oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún àwọn ọmọdé àti arúgbó. Àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ eyín ẹṣin nìkan ni wọ́n kọ́, wọn kì í ṣe dókítà, àmọ́ òfin ọdún 1966 lórí iṣẹ́ dókítà ẹran kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ ìtòògbé àfi dókítà. Ẹ bi bàbá fáìlì yẹn pé kí ló fi ń la ẹnu ẹṣin sílẹ̀. Tó bá ní ọwọ́ ọkùnrin mẹ́rin, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin, Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ ṣeun gan-an. Dókítà wá lánàá.

Mo tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, díẹ̀ ló kù kó ta mí nípàá. Nígbà tí wọ́n la ẹnu ẹ̀, dókítà pè mí kí n wá wò. Egbò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó tó owó ẹyọ, etí ẹ̀ funfun. Ọ̀pá ọkà kan tún há sáàárín eyín méjì, ó ti jẹrà. Òórùn yẹn! Màálàm ló kọ́kọ́ sá jáde. Dókítà kò rẹ́ eyín ọ̀hún tó bí mo ṣe rò, ó ní kí á padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹṣin náà kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìjánu fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́ àná mo wo ilẹ̀, ìṣù méjì péré ni mo rí.

Ohun tó wá ń dùn mí ni ti ọjọ́ orí. Dókítà fi ìlà kan hàn mí lórí eyín iwájú tó wà ní igun òkè. Ó ní nǹkan bí ọdún 10 ló máa ń yọ lẹ́bàá èrìgì, tó bá fi di 15, ó ti dé ìdajì eyín. Tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Mo pe ẹni tó tà á fún wa. Ó ní bóyá ẹṣin yẹn tètè dàgbà ni.