Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí a ṣe ń dúró dọ́gba lábẹ́ omi pẹ̀lú ohun èlò tí a yá

Ọmọ_Sùúrùlérè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú omi. Púùlù kan ní Ìkòyí ni mo ti kọ́ mòòkùn. Oṣù Kejìlá ni mò ń lọ sí Zanzibar, ibẹ̀ ni màá sì ti yá gbogbo nǹkan: BCD (jákẹ́ẹ̀tì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti fi léfòó), sílíńdà afẹ́fẹ́, fins (bàtà bíi lẹbẹ́ ẹja), wetsuit (aṣọ rọ́bà òmùwẹ̀) oní-mílímítà 3, títí kan òjé tí a fi ń rì. Nínú púùlù, ẹsẹ̀ mi máa ń wọ́lẹ̀ ṣáá. Bí mo bá ta ẹsẹ̀, òkè ni mò ń lọ dípò iwájú. Bí mo bá tú afẹ́fẹ́ dànù, mo ti jókòó sórí táìlì. N kò fẹ́ lọ tẹ iyùn abẹ́ òkun ọmọ olómi fọ́. Báwo ni kí n ṣe é, kílò mélòó sì ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn? Kílò 75 ni mí, kílò 4 ni mo ń lò ní púùlù láìwọ wetsuit.

Gbóyèga_Fẹ́sítáàkì
Àbúrò, gba òjé dáadáa. Ẹni tí kò bá tètè rì ni gbogbo ọkọ̀ máa dúró dè. Bó bá wúwo jù, ṣebí afẹ́fẹ́ wà nínú BCD.

Òmùwẹ̀_Àpápá
Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í sínú wàhálà. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń jẹun, àwa a máa fẹ́ wúwo kí ìṣàn omi má baà gbé wa lọ. Ẹni tó ń lọ wo ẹja kò nílò ìyẹn.

Òjé tó lé yẹn gan-an ló ń fa ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀, àbúrò. Ìbàdí ni òjé wà. Bó bá ti pọ̀, o ní láti fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú BCD, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á sì sá lọ sí èjìká. Òkè ń fà ọ́ sókè, ìdí ń fà ọ́ sílẹ̀, o wá nàró. Ẹni tó nàró tó ń ta ẹsẹ̀, ibo ni yóò lọ bí kò ṣe òkè?

Ó tún ku ìkejì. Ní mítà 10, agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó jẹ́ lítà 6 lókè á di lítà 3. Wetsuit náà á súnkì. Bí o bá ń gòkè, gbogbo rẹ̀ á tún wú padà, á sì máa gbé ọ lọ kíákíá. Bí afẹ́fẹ́ inú BCD bá ṣe pọ̀ tó ni èyí ṣe máa yọ ọ́ lẹ́nu tó.

Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n nìyí. Kó gbogbo ẹrù wọ̀, wọ inú omi tí ẹsẹ̀ rẹ ò kan ilẹ̀, tú BCD gbẹ, fi regulator (ẹ̀rọ tí a fi ń mí láti inú sílíńdà) sẹ́nu. Mí sínú níwọ̀nba, dúró bẹ́ẹ̀ láìta ẹsẹ̀: kí omi dé ọ̀gangan ojú rẹ. Mí síta, kí o máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí o bá lọ ṣòòròṣò bí òkúta, yọ òjé kúrò. Ìgbà tí sílíńdà bá ku 50 bar (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀) ni kí o dán an wò. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe òfo: èyí tó wà nínú sílíńdà lítà 11 ní 200 bar wúwo ju kílò 2.5 lọ, o sì máa mí púpọ̀ nínú rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ sílíńdà kíkún lo fi dán an wò, fi nǹkan bíi kílò 2 kún un. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní lè ṣe ìdúró ààbò kí o tó jáde, ìyẹn ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 tó kẹ́yìn, omi á kàn máa tì ọ́ sókè.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá
Ọ̀gá Àpápá ti sọ̀rọ̀. Tèmi dá lórí ẹrù tí a yá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa jẹ.

Má gba BCD tó tóbi jù ọ́ lọ, ó máa yí kiri lára rẹ. Fẹ́ ẹ kí ó le, gbé e kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan, wò ó bóyá ó rọ̀. Tẹ bọ́tìnì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, fi sílẹ̀, tẹ́tí sí i: bó bá ṣì ń hó ṣìì, dá a padà fún wọn. Béèrè bóyá aluminium ni sílíńdà àbí irin. Ti aluminium a máa léfòó bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti irin kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, kílò tí o máa lò ò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Òjé náà: àwọn mìíràn kọ pọ́n-ùn sí i lára, kì í ṣe kílò. Kílò 1 jẹ́ pọ́n-ùn 2.2, ẹ fojú sílẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀, bí o bá ti dín òjé kù tó ṣì ń wọ́lẹ̀, tú okùn tó di sílíńdà mú, sún un sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má máa gbá ọ lórí. Gbé òjé méjì kúrò ní ìbàdí lọ sí àpò ẹ̀yìn èjìká, tàbí sára okùn sílíńdà. Fins onírọ́bà tó wúwo náà ń dá kún un, ní kí wọ́n fún ọ ní èyí tó fúyẹ́.

Ọmọ_Sùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ṣé mo lè lọ fi Tarkwa Bay dánra wò kí n tó lọ?

Òmùwẹ̀_Àpápá
Ká má rí i! Ọ̀nà ọkọ̀ òkun wà nítòsí ibẹ̀, omi ibẹ̀ sì dúdú, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Àwọn tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà, àkàbà ni wọ́n ń dì mú lọ sísàlẹ̀, ìwọ ò ní àkàbà. Padà sí púùlù. Kọ́ bí a ṣe ń fi èémí dúró: bí o bá fa lítà 1 sínú, bíi kílò 1 ló fi gbé ọ sókè. Má ṣe di èémí mú bí o bá ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró lè fàya.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá
Kílò 4 láìsí wetsuit nínú omi púùlù ti pọ̀ jù. Yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí omi fi dé ọ̀gangan ojú. Omi òkun máa ń gbéni ju omi dídùn lọ: bí ìwọ àti ẹrù bá jẹ́ kílò 100, fi bíi 2.5 kún un, kí o tún fi díẹ̀ kún un fún wetsuit. Tí o bá dé ibẹ̀, tún un dán wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irú sílíńdà tí o lò. Má gbé iye yẹn lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì o, iyọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ti Zanzibar lọ.

Gbóyèga_Fẹ́sítáàkì
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá léfòó tí gbogbo ọkọ̀ ń wò ó, kó má pè mí.