Ará Èkìtì tó ti fi ọkọ̀ onímọ́tò rin odò Ìlàjẹ, tó sì sùn lójú ọ̀nà: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìkéré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọ̀rẹ́ kan ní Ìkéré àti Adó ń dá owó jọ láti háyà ọkọ̀ onímọ́tò ní Igbókọ̀dá, kí a gba inú odò lọ sí Ayétòrò, kí a sì máa sùn ní àwọn abúlé ojú omi tó wà lọ́nà. Ti orí ilẹ̀ kò ṣòro: Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, a ti dé Igbókọ̀dá nìyẹn. Láti etí omi lọ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnìkan ní kí a ka kìlómítà bí a ṣe ń kà á fún mọ́tò, kí a pín in sí ọjọ́ tí a ní. Ẹlòmíràn ní omi ibẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, pé kò sí ẹni tó ń kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ín, báwo lẹ ṣe ṣètò tiyín?

Tíṣà Àgbà, Adó

Ọmọ Ìkéré, o kú ìmúra. Kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó lọ́dún 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ òkè ni mí. Odò tí mo mọ̀ láti kékeré, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣàn sí. Òjò ló ń mú un kún, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń mú un gbẹ. Ní Ìlàjẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí odò tó ṣàn lọ sí òkun láàárọ̀, tó sì yíjú padà lọ́sàn-án láìsí ẹ̀kán òjò kan. Òkun ló ń tì í, òkun náà ló ń fà á.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yín. Láti ìgbà tí omi bá kún tán títí di ìgbà tí yóò tún kún tán, wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sábà máa ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń fà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹ wá wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀. Ká ní aago méje àárọ̀ ni omi kún ní Sátidé yìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ó di nǹkan bí aago kan ọ̀sán kó tó kún. Aago méje àárọ̀ ti wá di ìgbà tí omi fà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú, tí kò tún ètò rẹ̀ wò, ẹrẹ̀ ni yóò bá níbi tó ti ń retí omi. Bí ẹ bá máa sún un, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sún un, aago omi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, omi máa ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì máa ń fà jìnnà. Láàárín méjèèjì, ó ń rọra. Àwọn apẹja tí mo bá gbé kì í wo ìwé kankan, oṣù ni wọ́n ń wò. Èmi tí mi ò ní ojú tiwọn, tábìlì omi tí wọ́n ń ṣe fún Èkó, ìyẹn ìwé tó ń sọ aago tí omi máa kún àti èyí tó máa fà, ni mo máa ń mú dání, màá wá bi àwọn ará abúlé pé báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ẹnu òkun tó ni omi ṣe ń pẹ́ dé ibẹ̀. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju tábìlì lọ.

Omi kì í sì í rìn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú bíi wákàtí mẹ́fà tó fi ń kún, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló ń sáré jù, bí ìdajì gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé láàárín wọn. Ọkọ̀ tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tó ń rin kìlómítà 10 ní wákàtí kan, bí omi tó ń sáré kìlómítà 3 bá dojú kọ ọ́, 7 ló kù fún un. Kìlómítà 30 á gbà á ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí omi kan náà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí méjì àti díẹ̀ ló máa fi dé. Ìdí nìyẹn tí kíka kìlómítà nìkan kò fi lè ràn yín lọ́wọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú jù nìyí: ibi tí ẹ máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ wá ka wákàtí padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí omi ṣì ń kún, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìdí ọkọ̀ bá gún ẹrẹ̀ nígbà tí omi ń kún, ẹ ní sùúrù díẹ̀, omi náà ló máa gbé yín sókè. Bó bá jẹ́ nígbà tó ń fà ni, ẹ ti di ará ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹrẹ̀ Ìlàjẹ kò sì ṣeé sọ̀kalẹ̀ sí. Ti òru, ẹ má tilẹ̀ gbèrò rẹ̀. NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, ti fòfin de rírin odò lóru, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Igi tó léfòó àti àwọ̀n apẹja kì í hàn nínú òkùnkùn.

Ìyàwó Ìlàjẹ, Adó

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ Adó ni mí, Ìlàjẹ ni ọkọ mi, torí náà ti ibi ìsùn ni mo fẹ́ sọ.

Okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn àlejò kan wá bá wa nígbà kan, wọ́n dé nígbà tí omi kún, wọ́n sì so ọkọ̀ wọn mọ́ òpó ilé típẹ́típẹ́. Lóru, omi fà. Okùn kò jẹ́ kí imú ọkọ̀ bá omi sọ̀kalẹ̀, ó so rọ̀, ìdí rẹ̀ wọ omi, gbogbo àpò wọn bá omi lọ. Ẹ fi okùn sílẹ̀ kó gùn tó láti bá omi gòkè, kó sì bá a sọ̀kalẹ̀, kí ẹnìkan sì dìde lóru lọ wò ó. Bó bá jẹ́ ìdákọ̀ró lẹ jù sódò, ẹ rántí pé ọkọ̀ máa yí po nígbà tí omi bá yíjú padà. Ẹ má jù ú sẹ́bàá ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ọlọ́jà, olórí abúlé, kí ẹ tó já ẹrù. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ń lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti di àlejò ìlú, wọ́n á fi ibi tó yẹ kí ọkọ̀ wà hàn yín, wọ́n á sì sọ fún yín bí ọ̀nà iwájú bá ní wàhálà. Ẹ gbé omi mímu dání láti Igbókọ̀dá, kí ó pọ̀, nítorí omi wà níbi gbogbo ṣùgbọ́n iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, òjò ni ọ̀pọ̀ ń gbè mu. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ má gbàgbé. Oúnjẹ kò ní wọ́n yín: pupurú àti ọbẹ̀ marúgbó pẹ̀lú ẹja tútù, ẹni tó mọ iyán jẹ á gbádùn rẹ̀.

Ti Ayétòrò ń dùn mí. Lọ́dún 1947 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, ìlú tí àwọn èèyàn fi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe gbé ró, òkun sì ti ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ilé tí ọkọ mi mọ̀ ní ọmọdé ti wà nínú omi báyìí. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹnìkan sọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn nípa ibi ìsùn níbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè àlàáfíà kí ẹ tó máa ya fọ́tò.

Mẹkáníìkì, Ìkọ̀lé

Mo tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Port Harcourt kí n tó padà wálé. Omi ọ̀dọ̀ wọn lágbára ju ti ìhà Èkó lọ: ti Èkó máa ń gòkè bíi mítà kan, ti Bonny, lápá Port Harcourt, lè tó méjì.

Àbúrò, epo. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 tí ẹ máa rí ní Igbókọ̀dá lè jẹ lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan bí ẹ bá fún un tán. Ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìkẹta àfi bí wàhálà bá dé. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ bi oní-ọkọ̀ bó ṣe ń pò ó, lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50 ló wọ́pọ̀. Ẹ pò ó lórí ilẹ̀, kì í ṣe lójú omi. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì tuntun dání, sípánà rẹ̀, pínnì pròpẹ́là, àti àjẹ̀ méjì. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń wọ odò láìmú àjẹ̀. Ewéko tó ń léfòó máa ń wé mọ́ pròpẹ́là. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù kó wọ tiẹ̀ láti èbúté dé èbúté. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gbé ọmọkùnrin kan jáde nínú omi, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lábẹ́ àga tó jókòó lé.

Ọmọ Ìgèdè

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òjò kún un. Ìlú wa ni odò Ọ̀sun ti ṣẹ̀, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Lekki. Mo bá wọn wọkọ̀ lápá Ẹ̀pẹ́ lóṣù kẹsàn-án, omi òkè ti pọ̀ débi pé kò jọ pé òkun ń tì í padà rárá. Nígbà òjò, tábìlì omi lè sọ pé omi ń wọlé, kí ẹ ṣì bá a tó ń jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣeé fọkàn tẹ̀, àmọ́ ẹ dúró kí ìkùukùu ọyẹ́ tú ká kí ẹ tó gbéra láàárọ̀.

Ọmọ Ìkéré

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. A ti fi oṣù kẹsàn-án sílẹ̀, ó di oṣù kejìlá. A ó sùn mọ́jú ní Igbókọ̀dá fúnra rẹ̀, kí a lè bá omi gbéra. Mọ̀mí, ṣé ẹ lè bá wa bi àwọn àna yín léèrè aago tí omi ń kún lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí oṣù bá lé?

Ìyàwó Ìlàjẹ, Adó

Màá pè wọ́n lálẹ́ yìí. Ẹ fi iye èèyàn tí ẹ jẹ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sọ fún wọn pẹ̀lú.