Igun tí ó jẹ, ilà tí ó parẹ́, àti kùkùté bóòtù

Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí a máa pe bóòtù èyíkéyìí tí ó bá kọ̀ tí kò tú nígbà tí a bá ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní “bóòtù yíyọ̀”, kí a sì máa pe irin tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ní “ayọbóòtù”. Àlàyé tí wọ́n ṣe lé e ni pé “ó ti yọ̀” wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, àti pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu oníṣẹ́ wò kí a tó dá tuntun. Mo gba ìlànà yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí bo ìṣòro mẹ́ta mọ́lẹ̀, àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra rárá, débi pé ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà níwájú òun lè sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ ńlá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fi ibi tí bóòtù ti fara pa sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí bẹ̀rẹ̀. Orí bóòtù tí ó wọ́pọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì ní igun mẹ́fà, àwọn igun wọ̀nyẹn sì ni sípánà ń dì mú. Bí sípánà bá fẹ̀ ju orí náà lọ, bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ lára, tàbí bí a bá lo sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá níbi tí ó yẹ kí a ti lo onígun mẹ́fà, gbogbo agbára ọwọ́ yóò kó sórí ṣóńṣó àwọn igun náà, wọn yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí orí yóò fi di róbótó. Lásìkò yìí, sípánà ni ó ń yọ̀. Bóòtù kò tíì kúrò lójú kan. Nítorí náà, “ó ti yọ̀” sọ ohun tí oníṣẹ́ mọ̀ lọ́wọ́, kò sọ ohun tí ó ṣe bóòtù. “Igun rẹ̀ ti jẹ” ni mo dá lábàá. Gbogbo wa ni a mọ táyà tí ó ti jẹ àti gìgísẹ̀ bàtà tí ó ti jẹ, kò sí ẹni tí a ó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Bóòtù tí igun rẹ̀ jẹ ṣì wà lódindi, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ní ojú mímú tí ń gé wọ orí náà sì lè tú u láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dírílì.

Ìṣòro kejì wà lára ohun tí ó lọ́ yí bóòtù ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn kan ń pè é ní eyín, mo sì mọ ohun tí wọ́n rí: bí a bá gbé bóòtù síbi ìmọ́lẹ̀ tí a sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni eyín ń tò, ìbáà ṣe ti ayùn, ti òòyà tàbí ti jíà. Ẹ fi ṣóńṣó èékánná bọ inú kòtò tóóró ara bóòtù, kí ẹ sì máa yí bóòtù náà. Ẹ ó rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, pé ó ń gbé èékánná yín lọ láti ìdí dé ọrùn láì já níbì kankan. Ilà ni mo fẹ́ kí a pè é. Mo kọ ọ́ ní ilà, n kò kọ ọ́ ní ìlà, nítorí pé à ń fa ìlà sórí ìwé, ṣùgbọ́n à ń kọ ilà sára ohun, ojú irin sì gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ wò ó bí ó ṣe gbé gbólóhùn ẹ̀rọ láìṣe wàhálà: ní 1841, Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa kọ ilà kan náà tí igun àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ dígíìrì 55, ilà tí a ń fi mìlímítà wọ̀n lónìí ní igun dígíìrì 60. Bóòtù M8 tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8, ń fi mìlímítà 1.25 wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí po, mìlímítà 6.8 sì ni wọ́n ń lu ihò rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ilà sínú rẹ̀.

Bí a bá gba ilà, ọ̀rọ̀ ìṣe tí a nílò ti wà nílẹ̀ látijọ́: ilà a máa parẹ́. Nínú ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, ilà ihò ni ó sábà máa ń parẹ́, nítorí pé bóòtù le ju alumíníọ̀mù lọ. Bóòtù yóò wá máa yí lásán, kò ní dè, kò ní tú, bí wọ́n bá sì fà á jáde, wọn yóò bá alumíníọ̀mù wíńníwínní tí ó ń dán, tí ó wé mọ́ ilà rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a sọ ilà èyí tí ó parẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti bóòtù, tuntun ni a ó rà. Bí ó bá jẹ́ ti ihò, a ó tún ilà kọ.

Ìkẹta ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù: ṣé bóòtù já ni, tàbí ó kán? Àwọn tí ó fara mọ́ kán ní okùn ni ó ń já, pé irin gbọ́dọ̀ kán bí egungun ṣe ń kán. Àwọn tó kù ní bóòtù máa ń fà kí ó tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, nítorí pé bóòtù tí wọ́n kọ 8.8, àmì bí ó ṣe lágbára tó, sí lórí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpadàbọ̀ nígbà tí agbára bá dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí yóò já a. Ní tèmi, méjèèjì ni a nílò. Kí a sọ pé “orí rẹ̀ ti já” nígbà tí orí nìkan bá kúrò, kí a sì sọ pé “ó kán sínú” nígbà tí ìyókù rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ojú ihò. Ìyàtọ̀ yìí ní ìwúlò lẹ́nu iṣẹ́. Orí ni ó ń fa ara bóòtù le. Bí orí bá já, ìfà yẹn tán, ó sì wọ́pọ̀ pé kí ìyókù tí ó yọ síta ṣeé fi púláyà yí jáde pẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kán sínú nígbà tí a ń tú u ti gan kí ó tó kán.

Mo lo gan, n kò lo há. Bí egungun ẹja bá há lọ́fun, àyè ni kò gbà á. Bóòtù ní àyè tirẹ̀. Ìpẹtà ni ó so òun àti ihò pọ̀ di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ooru fi ń ṣiṣẹ́: bí ooru bá kan àwọn méjèèjì bákan náà, alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, ihò á sì tú bóòtù sílẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù sínú ihò ńkọ́? Kùkùté ni. Orí igi ti lọ, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, “ayọkùkùté” ni mo fẹ́ fi rọ́pò “ayọbóòtù”, torí pé ayọbóòtù lè mú kí ẹni tí igun bóòtù rẹ̀ jẹ rò pé irin náà ni òun nílò. Kùkùté nìkan ni ó wà fún. Oníṣẹ́ yóò sàmì sí àárín gbùngbùn kùkùté, yóò fi dírílì lu ún, lẹ́yìn náà ni yóò ti ayọkùkùté bọ ihò náà, kí ó wá máa yí i sí òsì, nítorí pé òsì ni ilà ara rẹ̀ ń lọ́ sí, bí ó sì ti ń yí ni ó ń mú kùkùté le sí i. Kí ó má fi ipá yí i. Irin ayọkùkùté le koko, ó sì tètè ń kán. Bí ó bá kán sínú kùkùté, dírílì lásán kò ní ràn án mọ́. Fún kùkùté tí ó gan pátápátá, mo fara mọ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ ọn lórí, torí pé ooru iná wẹ́ẹ̀dì ń tú ìpẹtà, sípánà sì tún rí igun mẹ́fà dì mú.

Bóòtù, nọ́ọ̀tì àti sípánà ti di tiwa, kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tíì ní orúkọ ni wáyà lílọ́ tí wọ́n ń fi sínú ihò tí ilà rẹ̀ ti parẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ ihò náà tí wọ́n sì kọ ilà tí ó tóbi díẹ̀ sí i, kí bóòtù M8 kan náà lè padà síbẹ̀. “Ilà àfibọ̀” ni mo fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.