Ṣé "owó ìrànwọ́ ilé-iná" ni ká máa pè é?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ o. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2021 lórí ọ̀nà àti afárá le bí ojú ẹja, ẹ sì gbìyànjú. Àmọ́ bílíọ̀nù 7.5 dọ́là tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ibùdó tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, tí ẹ pè ní "owó ìrànwọ́ ilé-iná", ni mo fẹ́ bá yín fà díẹ̀.

Ti "ilé-iná" rọrùn láti tún ṣe. Mo mọ̀ pé "ilé-epo" lẹ fi wé, ṣùgbọ́n ilé tó ń jó lèmi kọ́kọ́ rí. Ẹnìkan ní ká máa "rọ iná" sọ́kọ̀; epo là ń rọ, iná kì í wọ kẹ́ẹ̀gì. Ṣebí gbogbo wa la ń ṣáàjì fóònù? "Ibùdó ìṣáàjì" ti tó.

"Owó ìrànwọ́" ló ká mi lára. Létí wa, "owó ìrànwọ́ orí epo" ni owó tí ìjọba máa ń san tẹ́lẹ̀ kí iye tí wọ́n ń ta epo má baà wọ́n jù. Ẹni tó bá ka tiyín á rò pé wọ́n dín owó iná kù fún awakọ̀. Wọn ò dín in kù. Bílíọ̀nù 5 nínú owó yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n pín in fún kí wọ́n fi kọ́ ibùdó sẹ́bàá òpópónà, ìjọba àpapọ̀ ò sì ní san ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Ẹlòmíì ni yóò wá ìyókù. Awakọ̀ tó bá dé, iye tí wọ́n bá pè ló máa san.

Ẹ jẹ́ ká lo "owó ìdásí". Bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ìjọba nìkan kọ́ ló gbé gbogbo ẹrù. Wọ́n á ní "ìdásí" tún jẹ mọ́ kéèyàn máa dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ tí "owó" bá ti ṣíwájú, ta ni yóò ṣì í gbọ́?

Ẹ tún kọ "ibùdó mẹ́rin ní máìlì 50-50". Nínú ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ibùdó kan ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọkọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ lè gba iná níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí agbára iná tó ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó kìlówáàtì 150. Ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gbà á ni mo fẹ́ ká máa pè ní "ẹnu". Tí a bá pe ẹnu ní ibùdó, a ti sọ iṣẹ́ kan di mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ẹnu" lọ kó mú un wá, àmọ́ "ihò" tí ẹnìkan dábàá lánàá, èmi ò lè kọ ọ́ sínú òfin.