Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: orúkọ ẹranko ìgbẹ́ ní Sípáníìṣì

ỌmọÌkéré: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Valencia ní Sípéènì ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìkéré. Sípáníìṣì nìkan ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Màmá wa fẹ́ máa pa àlọ́ fún wọn, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Mo gbọ́ ìkíni àti oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, orúkọ ẹranko ló kù. Kí ni kí n fi kọ́ ọ, tí owó ò ní jáde púpọ̀? Ìjàpá, ẹkùn, ìkookò, erin àti ọ̀bọ ló kán mi lójú jù.

TíṣàAdó: Ẹ fi SpanishDict, ìwé atúmọ̀ èdè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, á sì pe ọ̀rọ̀ náà sí yín létí. Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, dùn ún ṣe, àmọ́ ibi tó wù ú ló ń gbé èèyàn gbà. Kó tó kan erin, àwọn ọmọ á ti padà sílé. Ẹ má kọ́ orúkọ kankan láìsí *el* (ti orúkọ akọ) tàbí *la* (ti orúkọ abo) níwájú rẹ̀: *el elefante* (erin), *el mono* (ọ̀bọ), *la jirafa* (àgùnfọn, ẹ pè é ní "hiráfa").

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́: Ẹ ṣọ́ra fún Google Translate o. Ẹ tẹ "ekun" láìfi àmì sí i, ẹkún tí à ń sun lè jáde síta. Ẹkùn gan-an, *tigre* ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Irọ́ ni! Éṣíà ni *tigre* ń gbé, kò sí nínú igbó Áfíríkà. *Leopardo* ni ẹkùn tiwa. Ìkookò ni *hiena*, "yéna" lẹ ó pè é, *h* wọn kì í dún. Ẹ má pè é ní *lobo*. *Lobo* ni ti ilẹ̀ Yúróòpù tí àwọn ọmọ yẹn mọ̀ nínú ìtàn tiwọn.

ỌmọÌkéré: Ẹ ṣeun gan-an. Àmì orí *león* (kìnìún) ńkọ́? Ṣé ohùn òkè ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́: Rárá, kì í ṣe bíi tiwa. Ibi tí ẹ ó ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ló ń fi hàn. Ẹ gbọ́ ọ lórí Forvo, ìkànnì tí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ síta, àwọn tó ni èdè ló ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ mú ohùn ará Sípéènì, nítorí *z* inú *zorro* (kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀) ò dún bákan náà lẹ́nu àwọn ará Mẹ́síkò.

ÌyáÌbejìÌfàkì: Gbogbo wàhálà yìí! Àbúrò, ṣé bàbá wọn ò ní WhatsApp ni? Fi àwòrán ẹranko ránṣẹ́ báyìí, kí àwọn ọmọ fi ohùn pe orúkọ rẹ̀ padà sí ọ. Wọ́n á kọ́ ọ, ìwọ náà á sì kọ́ wọn ní Yorùbá ẹ̀. Èyí ju áàpù lọ lójú tèmi.

TíṣàAdó: Òótọ́ ni Màmá sọ. Ti Ìjàpá ló le díẹ̀. *La tortuga* ni, ì báà jẹ́ akọ, ì báà jẹ́ abo, orúkọ obìnrin ni létí wọn. Tí ẹ bá ń pè é bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ àlọ́, wọn á máa bi yín léèrè bó ṣe fẹ́ Yánníbo. Ẹ sọ *tortuga* lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa pè é ní Ìjàpá lọ.

ỌdẹAyé: Òòrẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ọ̀yà ńkọ́?

TíṣàAdó: *El puercoespín* ni òòrẹ̀, *la ardilla* ni ọ̀kẹ́rẹ́. Ti ọ̀yà, ẹ sá bù ú lé iyán wọn.