Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa: ìbànújẹ́ ọkàn nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìgbà tí mo bí ọmọ mi kejì ni mo mọ̀ pé ara obìnrin lè yá kí ọkàn rẹ̀ má yá. Ilé kún fún àwọn tó wá kí wa kú ewu ọmọ, ìyá ọkọ mi ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún mi. Síbẹ̀, bí ọmọ bá sùn, èmi kì í lè sùn, ńṣe ni mo máa ń jókòó tí omijé á máa bọ́ lójú mi láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe mí. Bí wọ́n bá gbé ọmọ fún mi kí n fún un lọ́mú, ó máa ń dà bí ẹni pé ọmọ ọlọ́mọ ni. N kò lè sọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ pè mí ní abísínwín, tàbí aláìmoore tí kò mọ̀ pé àwọn kan ń wá ọmọ lójú méjèèjì.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé ọmọ sórí ìwọ̀n tán, ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Màmá wa, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?” Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Kò ní kí n mọ́kàn le. Ó mú mi wọ yàrá kejì, ó sì fi sùúrù bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá ní èdè Yorùbá, títí dé èyí tó dá lórí bóyá ó ti wá sí mi lọ́kàn láti ṣe ara mi léṣe. Ó kọ̀wé sí dókítà fún mi, ó sì ní kí n mú ọkọ mi dání.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Iléṣà

Ẹ kú ìrójú, mà. Àwọn oníṣègùn kan ló gbé irú ìbéèrè mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ jáde ní ìlú Edinburgh ní Scotland ní ọdún 1987, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ẹkún tó máa ń dé ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá rí wa. Abísínwín yàtọ̀ sí ìyẹn: bí obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 tó bímọ ló ń ṣe, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì. Bí ìyá ìkókó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí kò sì sùn rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ.

Àbúrò ìyá ìkókó, Abẹ́òkúta

Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ dúró di ìgbà ìbímọ. Inú oyún ló wà tí kò fi fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí a dárúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbí, àwọn ẹbí yarí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò dá a dúró síbẹ̀, ilé ló ti ń lọ tó sì ń bọ̀. Èmi ń bá a fọ aṣọ, mo sì ń bá a jókòó de dókítà. Ó ti bímọ báyìí, a ṣì ń lọ, nítorí ẹni tó ní ìbànújẹ́ ọkàn nínú oyún lè ní in lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Abẹ́òkúta tí kò rí ẹni bá a lọ, kó kọ̀wé sí mi.