"Èló ni o ta ojú mi?" Àwòrán mi wà lórí pátákó àwọn tó ń ta ilẹ̀

Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe níbí ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo jí lọ sí ọjà ẹja Olúwo kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo sì ya ìyá kan tó ń to òbòkún sórí àtẹ. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó ń kọ mànà lára ẹja. Bí ìyá náà ṣe gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín, ni mo tẹ kámẹ́rà. Nínú gbogbo àwòrán tí mo ti yà, n ò fẹ́ràn ìkankan tó o. Mo gbé e sórí Facebook, mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ó ní òun rí àwòrán mi lórí pátákó ìpolówó gàgàrà kan. Mo wọ mọ́tò débẹ̀. Tèmi ni lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ ti gé orúkọ mi kúrò, wọ́n kun ojú ọ̀run ní àwọ̀ wúrà, wọ́n wá kọ iye owó púlọ́ọ̀tì kan sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá náà. Wọ́n gbé e sí ojú ewé Facebook wọn pẹ̀lú. Mo pè wọ́n. Ọ̀gá tó gbé fóònù ní ohun tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé, pé àwọn ti sanwó fún ẹni tó bá àwọn ṣe dísáìnì, àti pé onítọ̀hún ti yí i padà, kì í ṣe tèmi mọ́.

Ìyẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Ẹnì kan ti fi pátákó náà han ìyá yìí. Nígbà tí mo dé Olúwo, mo kí i, kò dá mi lóhùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èló ni o ta ojú mi?" Mo búra pé n ò gba kọ́bọ̀, kò gbà mí gbọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ ti ń bi í bóyá ó ti lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ ẹbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin wà fún irú èyí? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ lówó lọ́wọ́, ẹjọ́ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ bẹ ìyá náà, kó o gbàgbé ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà
Màámi, ẹ má bínú, kó má gbàgbé o. Àbúrò, ìwọ lo ni àwòrán náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń pè ní kópíráìtì, ti yí padà. Èyí tí wọ́n fi ọdún 2022 sọ lórúkọ là ń lò báyìí. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú, ó sì rọ́pò ti 1988. Ẹni tó ya fótò ló ni ín láti ìgbà tó ti yà á, kò dìgbà tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ọdún 50 ni ẹ̀tọ́ yẹn ń wà lórí fótò. Pé o fi han ayé lórí Facebook kò túmọ̀ sí pé o fi ta ayé lọ́rẹ. Bí wọ́n bá ní o ti gbé ẹ̀tọ́ náà lé àwọn lọ́wọ́, kí wọ́n mú ìwé jáde, torí òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Owó tí wọ́n san fún oní-dísáìnì kò kàn ọ́. Ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ló tà fún wọn.

Ní ti pé wọ́n yí i padà: ní Amẹ́ríkà, obìnrin ayàwòrán kan, Lynn Goldsmith, ya olórin Prince lọ́dún 1981. Andy Warhol, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, fi fótò yẹn ṣe àwòrán aláràbarà. Lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan san $10,000 fún àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ Warhol láti lo ọ̀kan, Goldsmith ò rí sẹ́ǹtì kan gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, adájọ́ 7 nínú 9 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá Goldsmith láre. Òfin wọn kì í ṣe tiwa, àmọ́ bí iṣẹ́ Warhol kò bá gba àjọ náà là, kí ni ojú ọ̀run aláwọ̀ wúrà fẹ́ ṣe?

Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ti Èkó wà ní Ìkòyí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sí májísíréètì. Lẹ́tà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ ná, ọ̀pọ̀ ló máa ń parí síbẹ̀.

Kámẹ́rà Ìkòròdú
Ọ̀gá mi, ojúlówó fáìlì ńkọ́? Ọjọ́, aago àti irú kámẹ́rà wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ti gba WhatsApp kọjá sábà máa ń pàdánù ẹ̀. Ya pátákó náà kí wọ́n tó yọ ọ́. Lọ́yà tó bá mi ṣe tèmi tún gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ mi nípa kọ̀ǹpútà tí mo lò, ó ní abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló béèrè rẹ̀. Fi ẹjọ́ ojú ewé wọn sun Facebook pẹ̀lú. Òfin kópíráìtì tuntun fún ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní ọjọ́ 10 láti ṣàlàyé. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, kí Facebook yọ ọ́. Àjọ méjì ló ń jẹ́ NCC o! Ti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (Nigerian Copyright Commission) ni kó o kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹjọ́ dátà sùn.

Alhaja Pópó
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Ta ló ń sọ ti ìyá ẹlẹ́ja? Ọmọ mi, ṣé o tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó gbé ojú rẹ̀ fún ayé?

Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́
Rárá, mà. Mo kí i, mo yà á, ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé ìyẹn tó. Kò tó.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà
Òótọ́ ni Alhaja sọ. Ẹ̀tọ́ orí fótò jẹ́ ti àbúrò, àmọ́ ojú jẹ́ ti ìyá. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, Òfin Ìdáàbòbò Détà (ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni) ti 2023 sì tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú èèyàn pawó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu. Ìyá náà lè bá wọn ṣẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Kó o tó wá sọ́dọ̀ lọ́yà, lọ bá a, kó o mú àgbàlagbà kan dání.

Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti ẹ̀gbọ́n màámi la jọ lọ sí Olúwo láàárọ̀ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo fi ojúlówó àwòrán hàn án, èyí tí kò ní iye owó ilẹ̀ lára. Ó wò ó pẹ́. Mo ní lẹ́tà méjì la máa kọ, tèmi àti tiẹ̀, pé ohunkóhun tí wọ́n bá san lórí ojú rẹ̀, tiẹ̀ ni. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi o. Ó kàn ní kí lọ́yà má kọ "ìyá ẹlẹ́ja kan" sínú ìwé náà, kó kọ orúkọ òun àti ti bàbá òun pé. Ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.